Kòkó Tó Gbẹ Ni Mo Kó Sókè Àpò

Èmi ni mo sọ ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ fún wọn. Kò sẹ́ni tó rán mi, kì í sì í ṣe pé mo ṣèèṣì. Mo wo ojú Ìyá, mo ní ọjọ́ Sátidé ni àjọ̀dún àwọn òǹkọ̀wé, nígbà tí mo mọ̀ dájú pé ọjọ́ Fúráídè ni. Ìyá ní kí n tún un sọ kí òun má baà gbàgbé, mo sì tún un sọ. Mo ti ṣe ohun tí kò dáa ṣáájú ìyẹn, n ó sì sọ ọ́, ṣùgbọ́n ibí yìí ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dúró sí, torí ibẹ̀ ni mi ò ti lè sọ pé mi ò mọ̀.

Ìyá kọ́ ló bí mi, Bàbá náà kọ́ ni bàbá tó bí mi. Apá Ìkirè ni àwọn méjèèjì àti bàbá mi ti jọ wá sí Ìdànrè nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́, wọ́n wá ṣiṣẹ́ lóko kòkó olóko. SS1 ni mo wà nígbà tí bàbá mi kú. Ìyá tó bí mi kó ẹrù padà sílé, èmi ní mi ò lọ, Bàbá sì ní kò burú, kí n dúró ti òun. Bí mo ṣe fi ilé ìwé sílẹ̀ nìyẹn. Oko tí à ń tọ́jú wà lẹ́yìn Atosin, ti ọmọ onílẹ̀ kan ni; tí a bá ti kórè, àwa àti olóko a pín in. Bàbá máa ń sùn sí oko, Ìyá ní tirẹ̀ ń gbé ní Odode, nínú yàrá kan àti pálọ̀, ó ń ránṣọ, ó sì ń bá àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ fọ sùtánà funfun wọn. Èmi ni mò ń lọ tí mò ń bọ̀ láàárín wọn. Tí mo bá ti oko dé, Ìyá á ní, "Báwo lọkọ mi?" Tí mo bá dé oko, Bàbá á ní, "Ṣé ìyá rẹ jẹun?"

Orí fóònù ni mo ti ń kọ̀wé. Òjò ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Tí òjò bá ká wa mọ́ inú ahéré, Bàbá á máa sọ̀rọ̀: àwọn tó bá wá láti ilé, ẹni tí igi wó lù, ẹni tó fẹ́ ọmọ onílẹ̀ tí kò sì gbọ́ èdè ìyàwó rẹ̀ títí wọ́n fi bímọ. Èmi á máa tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù bó ṣe ń sọ ọ́. Ojú fóònù náà ti là, mo gbọ́dọ̀ máa fi ìka kan bo ibi tó là kí n tó lè rí ohun tí mò ń kọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tí a jọ jókòó ní kíláàsì ti wà ní Èkó, àwọn kan ń gun ọ̀kadà, àwọn kan ti gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́. Èmi ò ní nǹkan kan tí mo lè nawọ́ sí pé tèmi nìyí, àfi ohun tó wà nínú fóònù yẹn.

Nígbà tí mo rí i lórí Wátsáàpù pé wọ́n fẹ́ ṣe àjọ̀dún àwọn òǹkọ̀wé ní Odode, tí wọ́n sì ní aṣojú òǹkọ̀wé kan tó ń wá ìwé Yorùbá máa wà níbẹ̀, mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ aṣojú òǹkọ̀wé. Mo ní láti béèrè. Wọ́n ní òun ni ẹni tó máa ń gbé ìwé èèyàn tọ àwọn tó ń tẹ ìwé lọ, tó máa bá a bá wọn ná an, tó máa dúró bí agbẹjọ́rò fún un. Wọ́n ní kí ẹni tó bá nífẹ̀ẹ́ sí i fi orí díẹ̀ ránṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀, kó fi ojú ìwé kan sọ ohun tí gbogbo ìwé náà dá lé. Àwọn tí wọ́n bá mú á jókòó pẹ̀lú aṣojú náà lójúkojú fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo ka ọ̀rọ̀ yẹn títí tí bátìrì fi kú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń di kòkó lápò, torí bí mo ṣe di ìwé mi gan-an nìyẹn. Tí oòrùn kò bá tó, kòkó mìíràn kì í gbẹ dénú. Ẹni tó ní sùúrù á tún un sá. Ẹni tí ìyà ti ń jẹ, tó fẹ́ tà kíákíá, á da èyí tó tutù sí ìsàlẹ̀ àti àárín àpò, á wá kó èyí tó gbẹ dáadáa sókè, èyí tó jẹ́ pé tí ènìyàn bá ki ọwọ́ bọ ẹnu àpò, á máa dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́. Bàbá kì í ṣe é. Mo ti rí i lóko àwọn mìíràn, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Àwọn tó ń ra kòkó náà mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń mú irin ṣóńṣó kan dání, ó ní ihò nínú, wọ́n á gún un wọ àárín àpò, á sì fa ohun tó wà níbẹ̀ jáde.

Ìwé mi tutù. Mo mọ̀. Ọ̀pọ̀ ohun tí mo kọ dà bí ohun tí ẹnikẹ́ni lè gbọ́ níbi tí wọ́n ti ń fọ́ kòkó. Orí kan ṣoṣo ló gbẹ nínú ẹ̀, tó dún létí èmi fúnra mi, kì í sì í ṣe tèmi.

Bàbá àti Ìyá bí ọmọbìnrin kan nígbà kan rí, ọmọ náà sì kú sóko ní kékeré. Gbogbo ẹni tó mọ̀ wọ́n ló mọ ìyẹn. Ohun tẹ́nikẹ́ni ò mọ̀ ni ohun tí Bàbá ṣe lọ́jọ́ náà kí ọmọ tó kú. Ìyá kò sí lóko. Nígbà tó dé, ohun tí Bàbá sọ fún un kì í ṣe bó ṣe rí, ohun náà ni Ìyá sì gbà gbọ́ títí di òní. Bàbá sọ ọ́ fún mi nínú òjò kan, a ti fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo kòkó tán kó lè kan, kò sí iṣẹ́ mọ́. Kò wo ojú mi. Nígbà tó sọ ọ́ tán, ó ní, "Ìyá rẹ ò gbọ́ eléyìí rí o." Mo ní mo gbọ́, Bàbá. Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni mo kọ ọ́ sínú fóònù. Mo sọ fún ara mi pé torí kí n má baà gbàgbé ni.

Mi ò ní kọ ohun náà síbí. Ẹ máa rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Orí yẹn ni mo gbé síwájú ìwé. Mo yí orúkọ padà, mo yí ìlú padà, mo fi ránṣẹ́. Kò pẹ́, wọ́n fèsì pé wọ́n ti mú mi. Bàbá ń fi àdá gé èso kòkó lórí igi lọ́wọ́ nígbà tí mo sá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ju àdá sílẹ̀. Ó ní láti òní lọ kí n má fọwọ́ kan agbọ̀n mọ́ títí màá fi rí aṣojú náà, kí n lọ sí Odode kí n lọ múra. Mo ní ṣùgbọ́n ìkórè ti dé, orúnkún yín sì ń dùn yín. Ó ní ta ló bi mí léèrè orúnkún. Òun nìkan ló ru agbọ̀n kòkó láti ìsàlẹ̀ odò wá sí ahéré ní gbogbo àsìkò yẹn. Gbogbo ará Atosin tó bá kọjá ló ń sọ fún pé ọmọ òun fẹ́ bá àwọn tó ń ṣe ìwé sọ̀rọ̀, pé ọ̀rọ̀ oko ni, pé òun wà nínú ẹ̀.

Ó bi mí lọ́jọ́ kan tí mo gbé oúnjẹ wá fún un, ó ní, "Ṣé mò ń sọ̀rọ̀ dáadáa nínú ìwé yẹn?"

Mo ní, "Ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ dáadáa, Bàbá."

"Má jẹ́ kí n máa bú olóko níbẹ̀ o. A ṣì ń bá wọn gbé."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ìgbà náà ni iṣẹ́ kejì dé lórí fóònù. Wọ́n kí wa kú oríire, wọ́n wá ní kí ìjókòó pẹ̀lú aṣojú tó bẹ̀rẹ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan wa máa ka ojú ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀ sétí gbogbo èèyàn nínú gbọ̀ngàn. Wọ́n ní gbogbo ará ìlú ni wọ́n pè, kí a mú òbí wa àti ará ilé wa dání.

Mo kà á. Mo rí i lójú mi: Bàbá lórí àga níwájú, Ìyá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èmi lórí pèpéle pẹ̀lú ojú ìwé yẹn. Orúkọ tí mo yí padà kò ní ran nǹkan kan lọ́wọ́. Ìyá máa dá aṣọ tí ọmọ náà wọ̀ mọ̀. Ó máa dá igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahéré mọ̀. Kí n tó ka ìdajì, ó máa ti mọ̀ pé òun ni, ibẹ̀ ló sì ti máa gbọ́ ohun tí ọkọ rẹ̀ kò lè sọ fún un láti ọjọ́ yìí, níṣojú àwọn èèyàn, lẹ́nu èmi tó ń fún ní ẹ̀kọ láràárọ̀.

Mo pe nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ iṣẹ́ náà. Obìnrin kan gbé e. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n fi orí mìíràn rọ́pò. Ó ní wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ètò. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n máà kà á nígbà náà, kí n kàn jókòó pẹ̀lú aṣojú. Ó ní kò rí bẹ́ẹ̀, àwọn tó bá kàwé nìkan ló ń jókòó. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Ojú ìwé yẹn ló jẹ́ kí wọ́n mú ẹ. Kí lo tún fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀?"

Mi ò ní ohun tí mo lè fi rọ́pò rẹ̀. Ìyẹn ló dùn mí jù. Mo jókòó, mo ń yí àwọn orí yòókù wò lórí fóònù, mo ń wá ọ̀kan péré tó gbẹ. Mo gbìyànjú láti kọ tuntun. Mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́, mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́. Oúnjẹ kò wọ ọ̀fun mi mọ́. Mo rò ó pé kí n sọ pé ibà ń ṣe mí. Mo rò ó pé kí n jẹ́ kó lọ, kí n padà sóko, kí n gba agbọ̀n lórí Bàbá. Mo ti dìde láti lọ nígbà kan, mo dé ìdí mọ́tò, mo dúró síbẹ̀ títí mọ́tò fi kún tó sì lọ. Tí àǹfààní yìí bá kọjá, mi ò mọ èyí tó tún ń bọ̀.

Ìyá ò mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀, àfi pé mò ń rù. Ó rò pé ẹ̀rù aṣojú náà ló ń bà mí, ló bá ní òun máa kọ́ mi. Ó gbé àpótí ìjókòó sí àárín pálọ̀, ó fi awò tó fi ń ránṣọ sójú, ó fa ara rẹ̀ ró.

"Èmi ni aṣojú. Jáde, kí o tún wọlé."

Mo jáde, mo wọlé, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Dìde níbẹ̀. Ìwé lo gbé wá ni àbí o wá tọrọ ìyàwó?"

Lójoojúmọ́ la ń ṣe é. Ó máa ń mú fóònù rẹ̀ dání láti fi mọ iye ìgbà tí mo lò, ó máa ń bi mí ní ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ. Ta ló wà nínú ìwé náà? Kí ló ṣe wọ́n? Kí ló dé tí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n á fi fẹ́ mọ̀ wọ́n? Tí mo bá ń lọ́ tìkọ̀, á gbé orí lé ọwọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun láti fi hàn mí pé aṣojú ti sùn lọ. Ẹ̀rín á pa àwa méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti dé ibi orí àkọ́kọ́, ibi tó yẹ kí n ti sọ ohun tó wà níbẹ̀, mo máa ń fò ó, màá sọ pé ó dá lórí ọkùnrin kan àti oko rẹ̀, màá sì yára kọjá.

Ìyá rí i. Ó bọ́ awò, ó wò mí.

"Ibì kan wà tí o máa ń sá kọjá bí ẹni tí ajá ń lé. Kí ló wà níbẹ̀?"

"Kò sí nǹkan kan, Ìyá. Ẹ̀rù ló ń bà mí."

"Ibẹ̀ gan-an ni kó o ti fara balẹ̀. Ibẹ̀ ni ìwé wà."

Mo ní mo ti gbọ́. Ó tún gbé awò sójú, ó ní kí n jáde kí n tún wọlé.

Nígbà tó yá mi ò lè kà á nínú ilé mọ́. Mo gun Òkè Ìdànrè. Ilé kún ibẹ̀ nígbà kan, ní báyìí àwọn tó wá wo òkè nìkan ló ń kọjá pẹ̀lú omi inú ọ̀rá lọ́wọ́, wọ́n ti rẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó dókè. Mo dúró sí ẹ̀yìn ògiri kan tí òrùlé rẹ̀ ti wó, mo ka ojú ìwé náà sókè bó ṣe rí, láìfo ohunkóhun. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí etí mi gbọ́ ọ láti ẹnu mi. Mo ń retí pé ojú á tì mí. Ohun tó sì ṣẹlẹ̀ ni pé inú mi dùn sí bó ṣe dún. N ò lè purọ́. Mo ń gbọ́ bí Bàbá ṣe ń sọ ohun tó dùn ún jù láyé, mo sì ń ronú pé gbólóhùn yẹn dára, mi ò gbọdọ̀ kà á kíákíá. Ibẹ̀ ni mo ti pinnu pé màá kà á fún aṣojú náà, pé àwọn méjèèjì kò sì gbọdọ̀ wà níbẹ̀. Bí mo ṣe ń sọ̀kalẹ̀ ni mò ń tún irọ́ náà ṣe. Màá ní Sátidé ni. Lálẹ́ Fúráídè màá dé, màá ní wọ́n ṣàdédé fà á síwájú, pé ó dun èmi náà. Wọ́n á gbà. Wọ́n máa ń gbà mí gbọ́.

Ìyá rán ẹ̀wù kan fún mi, ó rán ọ̀kan fún Bàbá nínú aṣọ kan náà. Fún ara rẹ̀, ó yọ gèlè kan látinú àpótí tí mi ò rí i kó wé rí, òórùn káńfọ̀ kún ara rẹ̀. Ó fi í kọ́ ojú fèrèsé kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí i.

Nígbà tí ọjọ́ Fúráídè mọ́, mo ní wọ́n ní kí a wá wo ibi tí a máa jókòó sí. Ìyá ní ó dáa, kí n má pẹ́. Ẹ̀wù tuntun ń bẹ lára ìṣó, mi ò sì lè wọ̀ ọ́, torí kì í ṣe ọjọ́ rẹ̀ lòní. Ẹ̀wù tí mo fi ń fọ́ kòkó ni mo wọ̀ lọ síwájú aṣojú òǹkọ̀wé, omi kòkó ti sọ apá rẹ̀ di pupa.

Gbọ̀ngàn kún. Mo kọ́kọ́ wo gbogbo ojú tó wà níbẹ̀, mò ń wá ará Atosin, mi ò rí. Nígbà tí wọ́n pè mí, mo kà á bí mo ṣe kà á lókè. Obìnrin kan tó jókòó síwájú fi ìbòrí rẹ̀ nu ojú. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Èmi ń wo àga méjì tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin yẹn, kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni pa wọ́n mọ́ fún wa, ó kàn jẹ́ pé méjì ni.

Aṣojú náà jókòó sábẹ́ àtíbàbà lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Ó dàgbà ju bí mo ṣe rò lọ, ó bọ́ bàtà lábẹ́ tábìlì. Mi ò dọ̀bálẹ̀. Mo rántí Ìyá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí mo ti kọ́ sórí, ó gbé ọwọ́ sókè díẹ̀, ó ní òun ti kà á, gbogbo ohun tí mo fi ránṣẹ́ ni òun kà. Ó ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dára púpọ̀, ṣùgbọ́n bí òun ṣe ṣí i dé àárín, ó dà bí ẹni pé ẹlòmíràn ló kọ ìyókù. Ó wá bi mí ní ìbéèrè kan, ohùn rẹ̀ ò le rárá.

"Ìyá ọmọ yìí ńkọ́? Mo wá a títí, mi ò rí i níbì kankan. Nígbà tó gbọ́, kí ló sọ?"

Irin náà ti wọlé dé àárín àpò.

Ó ní, "Ṣé o ronú rẹ̀ ni àbí ó ṣẹlẹ̀?"

"Ó ṣẹlẹ̀, mà."

"Ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí, ṣé ó mọ̀ pé o kọ ọ́?"

"Kò mọ̀, mà."

Ó kó àwọn ìwé náà jọ, ó fi ọwọ́ tẹ̀ wọ́n tọ́ létí tábìlì. Ó ní òun ò lè gbé e lọ síbì kankan báyìí, wàhálà ni fún òun, wàhálà ni fún mi. Ó ní kí n lọ bá ẹni tó ni ọ̀rọ̀. Tó bá gbà, kí n kọ̀wé sí òun. Tí kò bá gbà, kí n ṣì kọ̀wé sí òun, ká wo nǹkan mìíràn tí mo lè kọ. Nígbà tí mo dìde, àkókò mi ò tíì pé. Mo rí i lára aago ọwọ́ rẹ̀. Gbogbo ìmúra yẹn, ìṣẹ́jú díẹ̀ ṣì ṣẹ́ kù tí mi ò mọ ohun tí mo lè fi ṣe.

Mo fẹ́ sọ fún wọn lálẹ́ ọjọ́ yẹn bí mo ṣe gbèrò. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, Bàbá ti wọlé láti oko. Ó ti gé irun. Ìyá ń fi áyọ́ọ̀nù lọ ẹ̀wù èmi àti Bàbá, ó ń kọrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Bàbá ní òun ti wá ẹni tó máa bá òun wo oko di ọjọ́ kejì, kí òun lè jókòó títí wọ́n á fi parí. Mo ní ó rẹ̀ mí. Mo lọ sùn.

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí mo fi jáde. Mo ní mò ń lọ ṣáájú. Oko ni mo lọ. Mo sọ fún ẹni tí Bàbá fi sílẹ̀ pé kó máa lọ sílé, mo ká ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kúrò lórí kòkó tí a bò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí i bó ṣe yẹ. Ó gbóná, ó ń rùn bí ọtí. Mo mọ̀ pé bí mo ṣe wà níbẹ̀ yẹn, àwọn méjèèjì ti ń rìn lọ sí gbọ̀ngàn, àwọn èèyàn ń kí wọn lójú ọ̀nà, wọ́n ń bi wọ́n ibi tí wọ́n ń lọ.

Bàbá nìkan ló wá bá mi. Ẹ̀wù tuntun náà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó ti ká ṣòkòtò sókè nítorí ẹrẹ̀. Ó ní àwọn bá àwọn tó ń kó àga sínú ọkọ̀. Ó ní ọmọkùnrin kan níbẹ̀ sọ pé, ọmọ olóko kòkó yẹn? àná ló kàwé, ó pa àwọn èèyàn lẹ́kún. Wọ́n rìn padà, Ìyá wọlé, ó ti ìlẹ̀kùn.

Bàbá jókòó sórí àpótí nínú ahéré. Kò pariwo.

"Kí lo kà fún wọn?"

Mo yọ fóònù. Mo fi ìka bo ibi tó là. Mo kà á fún un, gbogbo rẹ̀, mo sì ń kà á kíákíá, kò sí gbólóhùn kankan tó dára mọ́ nínú ẹ̀. Nígbà tí mo parí, ó ń wo igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahéré. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀, mo ní kó dárí jì mí.

"Bí mo ṣe sọ ọ́ lo ṣe kọ ọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Mo rò pé mo sọ ọ́ kó lè fúyẹ́ ni." Ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi da ewé padà sórí kòkó, ẹ̀wù tuntun lọ́rùn. "Ẹnu mi ni ìyá rẹ máa ti gbọ́ ọ. Má gba èyí náà lọ́wọ́ mi."

Mo ní mi ò ní gbà á. Mo bi í lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ mìíràn, bóyá mo lè kọ nípa ohun tí èmi ṣe, kí n má sọ tirẹ̀. Ó ní, "Kọ tìẹ. Fi tèmi sílẹ̀ fún mi." Ohun tí mo ń ṣe níbí nìyẹn.

Mo ti kọ̀wé sí aṣojú náà. Mo sọ fún un pé ẹni tó ni ọ̀rọ̀ ti gbọ́, pé ó ní kí n dúró. Ó fèsì pé ó dáa. A ti kórè kòkó yẹn, a ti sá a, a ti tà á, òmíràn ti ń so, Bàbá ò tíì sọ ọ́ fún Ìyá. Nígbà mìíràn tó bá wá sí Odode, mo máa ń rí i tó máa jókòó ti Ìyá nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, á la ẹnu, á wá béèrè bóyá òwú ṣì wà. Mi ò lè ti ẹnikẹ́ni. Èmi kọ́ ni mo yẹ kí n máa ka àsìkò fún un.

Ìyá bi mí lẹ́ẹ̀kan péré. Ọjọ́ Sátidé yẹn náà ni, nígbà tí mo wọlé pẹ̀lú ẹrẹ̀ láyà. Ó ń ká gèlè rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń fi ọwọ́ tẹ́ ojú ìká rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè ṣe déédéé.

Ó ní, "Ṣé aṣọ wa ni, àbí ẹnu wa?"

Mo ní, "Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, Ìyá."

Ó dúró de ìyókù. Mo ní in lẹ́nu, mi ò lè sọ ọ́, torí kì í ṣe tèmi láti sọ. Nígbà tó rí i pé kò sí nǹkan kan tó ń bọ̀, ó fi gèlè náà sínú àpótí, ó dé e.

Ó ṣì ń fún mi ní ẹ̀kọ láràárọ̀. Ó ṣì máa ń bi mí pé báwo lọkọ òun. Ṣùgbọ́n kò gbé àpótí sí àárín pálọ̀ mọ́, kò sì ní kí n jáde kí n tún wọlé. Ó rò pé ojú wọn ló tì mí. Èrò yẹn ló ń bá jí, tó ń bá ránṣọ, èmi ni mo sì fi sí i lọ́kàn. Gbèsè tí mo jẹ ẹ́ kì í ṣe ìwé. Ọjọ́ kan ni: àga níwájú, gèlè yẹn lórí rẹ̀, Bàbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí n dúró síwájú rẹ̀ kí n kàwé láìfo ibì kankan. Mi ò tíì san án.